Ọ̀nà Kan Wọjà: Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì àti Ìdìbò ní Ilẹ̀ Kúbà

Àwọn baba wa ló ní ọ̀nà kan kò wọjà. Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí orílẹ̀-èdè kan tí ọ̀nà kan ṣoṣo ti wọ ọjà òṣèlú láti ọdún 1965, ìyẹn ilẹ̀ Kúbà. A mọ̀ pé bí a bá dárúkọ Kúbà láàárín wa, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn ni àwọn ìbátan wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí, tí wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó, Yemọja àti Ọ̀ṣun títí dòní. A óò kàn wọ́n tó bá yá, nítorí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú yìí kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn ni èyí: ṣé wọ́n ń dìbò ní Kúbà?

Ọ̀pọ̀ yóò yára dáhùn pé rárá, pé níbi tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo bá ti ń jọba, kí ni wọ́n tún fẹ́ dìbò sí? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ń dìbò, wọ́n tilẹ̀ ń dì í déédéé. Ọmọ ọdún 16 ti tó ìbò dì níbẹ̀. Kò sí òfin tó sọ pé dandan ni kí ènìyàn jáde. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sábà máa ń dì í, àwọn ọmọ iléèwé nínú aṣọ iléèwé wọn ló sì máa ń dúró ti àpótí ìbò, kì í ṣe ṣọ́jà, kì í ṣe ọlọ́pàá oníbọn. Bí ènìyàn bá ti ju ìwé ìbò rẹ̀ sínú àpótí, ọmọ náà á kan sáárá sí i, á sì kéde pé ó ti dìbò. Ẹni tó bá ti tò sórí ìlà ìdìbò tiwa níhìn-ín rí, ó ṣeé ṣe kó jowú wọn díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo èsì rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n dìbò yan àwọn aṣòfin sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ Kúbà. Àga 470 ló wà nílẹ̀. Olùdíje 470 ló jáde. Gbogbo àwọn 470 náà ló wọlé. Bí ènìyàn 470 bá du àga 470, ta ló ń fìdí rẹmi? Ibi tí ẹ̀kọ́ wa wà gan-an nìyẹn: bí wọ́n ṣe ń dìbò tí kò sì sẹ́ni tó ń pàdánù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá

Kí Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó gba gbogbo ilẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀ ní Kúbà. Ó ku bí oṣù mẹ́ta kí wọ́n dìbò ààrẹ ní ọdún 1952 ni Fulgencio Batista, ológun tó ti ṣe ààrẹ rí, dìtẹ̀ gbàjọba ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta. Ìdìbò náà kò wáyé mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń du ipò aṣòfin nínú ìdìbò tí wọ́n wọ́gi lé yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Fidel Castro. Ẹ fi èyí sọ́kàn o. Ọkùnrin tí kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ méjì tún bá ara wọn díje mọ́ ní Kúbà, òun fúnra rẹ̀ ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń polongo ìbò rí, ìbọn ni wọ́n sì fi gba ìdìbò náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun náà gbé ìbọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1959, Batista fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọ̀wọ́ mẹ́ta ló bá Batista jà: àwọn jagunjagun Fidel, àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àti ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì àtijọ́ tí kò tètè gba ọ̀nà ìbọn. Ní ọdún 1961 wọ́n pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ọ̀kan. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó sì di ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1965, ó di Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì Kúbà. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ti wábi gbà. Ẹgbẹ́ tuntun yìí kò tilẹ̀ kánjú: ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi ṣàkóso ìlú kó tó ṣe àpérò àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 1975.

Bí ẹ bá bi àwọn aṣáájú Kúbà léèrè ìdí tí ẹgbẹ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, Lenin kọ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. José Martí ni, akọ̀wé àti akéwì tó dá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ ní ọdún 1892 láti fi kó gbogbo àwọn tó ń jà fún òmìnira lọ́wọ́ Sípéènì jọ. Wọn a ní ìyapa ló ba ogun òmìnira àkọ́kọ́ jẹ́. Wọn a tún nawọ́ sí Amẹ́ríkà: Sípéènì kúrò, ológun Amẹ́ríkà wọlé, wọn kò sì jáde títí di ọdún 1902, kí wọ́n tó jáde, wọ́n fi í sínú òfin Kúbà pé àwọn lè padà wá dá sí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ nígbàkígbà, gbólóhùn yìí kò sì kúrò títí di ọdún 1934. Ní oṣù kẹrin ọdún 1961 ẹ̀wẹ̀, Amẹ́ríkà dá àwọn ọmọ Kúbà tó sá kúrò nílé lẹ́kọ̀ọ́ ogun, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí etíkun Girón láti gbàjọba. Wọn kò rí i gbà. Ilé tí ọ̀tá bá dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹnu kan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀: bí àlàyé wọn ṣe lọ nìyẹn.

Àwa kò ka àlàyé yìí sí òfìfo. Ẹni tó bá fojú di í kò ní mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Kúbà fi fi tọkàntọkàn tẹ̀lé ẹgbẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí Martí dá sílẹ̀, ogun ló dá a sílẹ̀ fún. Ó kú sójú ogun ní ọdún 1895, kò sì sẹ́ni tó lè bi í mọ́ bóyá ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ náà máa ṣàkóso lọ lẹ́yìn tí ogun bá ti parí.

Ẹgbẹ́ tí kì í fa olùdíje kalẹ̀

Ibi tó dùn jù nínú ẹ̀kọ́ yìí la dé báyìí. Lọ́dọ̀ wa, ẹgbẹ́ òṣèlú ń jà láti wọ inú ìjọba. Ní Kúbà, ìwé òfin ilẹ̀ ti gbé ẹgbẹ́ náà sórí ìjọba. Abala karùn-ún nínú òfin ọdún 1976 ló sọ ọ́, abala karùn-ún náà ló sì tún sọ ọ́ nínú òfin tuntun ti ọdún 2019: Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ni agbára òṣèlú tó ga jù lọ tí ń darí àwùjọ àti ìjọba. Òfin tuntun yẹn fi kún un pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà. Gbogbo ará ìlú ni wọ́n pè láti dìbò bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ lórí ìwé òfin méjèèjì. Ti ọdún 1976, ìdá bíi 98 nínú 100 ló ní bẹ́ẹ̀ni. Ti ọdún 2019, nǹkan bíi 87 nínú 100 àwọn tó jáde wá dìbò ni.

Nítorí pé òfin ti gbé ẹgbẹ́ náà sókè báyìí, kò nílò láti díje. Ẹ má rẹ́rìn-ín: Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì Kúbà kì í fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀ fún ìdìbò. Kò sí àmì ẹgbẹ́ lórí ìwé ìbò. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ lè díje, ó sì lè wọlé. Àwọn aṣojú ìjọba wọn máa ń fi èyí yangàn, òótọ́ sì ni. Àbí báwo wá ni ọmọ ẹgbẹ́ bíi 700,000, nínú ìlú tí ènìyàn rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́wàá, ṣe ń gba èyí tó ju mẹ́sàn-án lọ nínú àga mẹ́wàá nílé aṣòfin?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò. Bí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá ń bọ̀, àwọn ará àdúgbò á pàdé ní ìta gbangba, ẹni tó bá fẹ́ á dárúkọ ẹnìkan, wọn á sì nawọ́ sókè. Olùdíje kò gbọ́dọ̀ dín ní méjì, kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́jọ lọ fún àga kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dìbò ní ìkọ̀kọ̀, ẹni tí kò bá sì gbà ju ìdajì ìbò lọ kò tíì wọlé. Wọ́n á tún un dì. Ìdíje gidi ni. Ẹni tó bá wọlé kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbogbòò, kì í sì gba owó oṣù lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi tó ń ṣòfò, búrẹ́dì tí kò dára, òpópó tó bàjẹ́ ni wọ́n á máa kó wá bá a. Ó gbọ́dọ̀ padà wá jíhìn fún àwọn tó yàn án, wọ́n sì lè yọ ọ́. Nínú gbogbo ètò yìí, apá tí àwa gba tiwọn nìyí.

Ṣùgbọ́n ẹ fojú sí ohun méjì. Àkọ́kọ́, nínawọ́ lójú gbogbo àdúgbò yàtọ̀ sí ìdìbò ìkọ̀kọ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ìyípadà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, wà ní òpópó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mọ ẹni tó nawọ́ àti ẹni tó ká a kò. Èkejì, kò sí ìpolongo. Olùdíje kò gbọdọ̀ ṣe ìpàdé, kò gbọdọ̀ pín ìwé, kò gbọdọ̀ ṣèlérí. Àwòrán rẹ̀ àti ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nìkan ni àjọ elétò ìdìbò máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Lóòótọ́, èyí ti ilẹ̀kùn mọ́ olówó. Kò sẹ́ni tó lè fi ìrẹsì ra ìbò. Ó tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ní èrò tuntun, torí ibo ló ti fẹ́ sọ ọ́? Ní ọdún 2015, àwọn alátakò méjì rí ẹni nawọ́ fún wọn ní Havana, wọ́n sì di olùdíje. Ìtàn ìgbésí ayé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri fún wọn mẹ́nu bà á pé àwọn ọ̀tá ìyípadà ni wọ́n ń bá rìn. Àwọn méjèèjì fìdí rẹmi.

Bí a bá ti kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀, ìdíje dópin. Àwọn ará àdúgbò kò fa aṣòfin àpapọ̀ kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ìyan-olùdíje ni ń ṣe é, àwọn tó sì wà nínú ìgbìmọ̀ yìí jẹ́ aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ obìnrin, ẹgbẹ́ àgbẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ òpópó tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti àwọn ọmọ iléèwé girama. Wọ́n á gba orúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, wọ́n á yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n á yọ wọ́n títí iye wọn á fi bá iye àga mu. Tó ìdajì wọn lè wá láti inú àwọn aṣojú ìbílẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ á fọwọ́ sí i, ó parí. Ìwé ìbò tó máa kan ará ìlú lọ́wọ́ ní orúkọ àwọn tí ìgbìmọ̀ ti yàn. Ó lè mú ẹnìkan, ó lè mú gbogbo wọn, ó lè fi í sílẹ̀ lófìfo. Òbìrìkìtì kan wà lókè tó jẹ́ pé bí o bá fàmì sínú rẹ̀, o ti dìbò fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìjọba sì máa ń rọ àwọn ènìyàn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Olùdíje gbọ́dọ̀ gbà ju ìdajì lọ. Láti ọdún 1993, nígbà tí ará ìlú ti ń dìbò sí ilé aṣòfin náà fúnra wọn, títí di ti ọdún 2023, kò sí olùdíje kan tí kò gbà á.

Bí alásè bá ti se ẹ̀wà nìkan, tó gbé ẹ̀wà síwájú wa tó ní ká yan èyí tó wù wá, kò purọ́ pé a yàn. Inú ilé ìdáná ni yíyàn ti parí.

Ọ̀rọ̀ tó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí a dárúkọ yẹn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1922 ni Julio Antonio Mella, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Havana, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ń da ìjọba láàmú ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1957, ààrẹ ẹgbẹ́ náà, José Antonio Echeverría, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ gba ilé iṣẹ́ rédíò nígbà tí àwọn yòókù ń kọlu ààfin Batista. Ọlọ́pàá yìnbọn pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì lọ́jọ́ náà. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25.

Ẹgbẹ́ kan náà yìí ló wá jókòó lónìí nínú ìgbìmọ̀ tí ń yan olùdíje, tí ààrẹ rẹ̀ sì máa ń di aṣòfin. Ọ̀nà méjì la lè gbà wò ó. Àwọn kan á ní kí lẹ tún ń fẹ́: ohùn akẹ́kọ̀ọ́ ti wọ ibi tí wọ́n ti ń yan aláṣẹ, ìlú mélòó ló rí irú rẹ̀? Lójú tiwa, ẹgbẹ́ tó bá ti ń bá wọn yan aláṣẹ yóò ṣòro fún un láti dojú kọ aláṣẹ náà. Kò sì sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kejì tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ara ń ta lè sá tọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ti obìnrin ṣe rí náà nìyẹn. Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì kò ní láti wà nínú ìgbìmọ̀ ìyan-olùdíje. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti jẹ́ tirẹ̀.

Nílé aṣòfin náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìpàdé tí òfin là kalẹ̀. Láàárín méjì, ìgbìmọ̀ kékeré kan ló ń ṣòfin dípò wọn. Ìgbà gbogbo ni ọwọ́ máa ń nà sókè pa pọ̀. Nígbà tí Mariela Castro, ọmọ Raúl Castro fúnra rẹ̀, sọ pé òun kò fara mọ́ òfin iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá ní oṣù kejìlá ọdún 2013, ìbò bẹ́ẹ̀kọ́ ẹyọ kan yẹn di ìròyìn káàkiri ayé. Ilé náà ló ń yan ààrẹ. Wọ́n yan Miguel Díaz-Canel ní ọdún 2018, wọ́n sì tún un yàn ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí agbára wà, kó wo àga akọ̀wé àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́. Fidel ló wà lórí rẹ̀ títí di ọdún 2011, Raúl àbúrò rẹ̀ gbà á, ó sì di ọdún 2021 kó tó bọ́ sọ́wọ́ Díaz-Canel, tó ti di ààrẹ ìlú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ará ìlú kì í dìbò sí àga yẹn. Àpérò àgbà ẹgbẹ́, tí ìlànà ní kó máa wáyé lọ́dún márùn-ún márùn-ún, kò tilẹ̀ wáyé rárá láàárín ọdún 1997 sí ọdún 2011.

A ṣèlérí láti kan àwọn Lùkùmí. Títí di ọdún 1991, ẹni tó bá ń bọ òrìṣà, tàbí tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè di ọmọ Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ipò ńlá níbi iṣẹ́, ní yunifásítì, nínú ìjọba, ọmọ ẹgbẹ́ ló sábà máa ń kàn. Kò sẹ́ni tó ní láti fi babaláwo sẹ́wọ̀n kó tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti sé. Ọ̀pọ̀ fi ìlẹ̀kẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, wọ́n ń ṣe ti ẹgbẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣe ti òrìṣà lóru. Ní ọdún 1987, Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé, ṣàbẹ̀wò sí Kúbà, Fidel sì gbà á lálejò. Nígbà tí àpérò àgbà ẹgbẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1991 wá ṣílẹ̀kùn fún àwọn ẹlẹ́sìn, tí òfin ọdún 1992 sì yọ gbólóhùn tó sọ ìjọba di aláìgbọlọ́rungbọ́ kúrò, ilẹ̀ ti mọ́ fún àwọn ìbátan wa; ọdún 1991 yẹn náà ni Ẹgbẹ́ Àṣà Yorùbá Kúbà gbéra ní Havana pẹ̀lú àṣẹ ìjọba. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹgbẹ́ tó ti ilẹ̀kùn náà ló tún ṣí i, nígbà tó wù ú. Kò sí ìdìbò kankan tí àwọn ọlọ́rìṣà lè fi ṣí i fúnra wọn.

Ẹni tó gbìyànjú láti fi òfin ìlú náà ṣílẹ̀kùn ni Oswaldo Payá. Òfin ní bí ará ìlú 10,000 bá fọwọ́ sí ìwé, wọ́n lè gbé àbá òfin wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2002, Payá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó orúkọ tó lé ní 11,000 lọ sílé aṣòfin: kí ẹnu àti ẹgbẹ́ wà lómìnira, kí ìdìbò ní ìdíje. Oṣù kejì rẹ̀ ni ìjọba kó orúkọ tirẹ̀ jọ, wọ́n ní ó ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ, wọ́n sì fi í sínú òfin pé ètò sósíálíìsì kò ṣeé yí padà mọ́ láé. Ní oṣù kẹta ọdún 2003 wọ́n kó alátakò 75, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tó gba ìwé Payá kiri.

Àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Sábẹ̀ mọ irú ètò yìí. Mathieu Kérékou gbàjọba Dàhòmì ní ọdún 1972, ó kéde ètò Marx àti Lenin ní ọdún 1974, ó dá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ ní ọdún 1975, ó sì sọ ìlú di Bẹ̀nẹ̀. Ní ọdún 1979, orúkọ àwọn aṣòfin wà lórí ìlà kan, bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ ni ìbò. Nígbà tó di ọdún 1989, owó oṣù kò jáde mọ́, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì wó. Àpérò gbogbogbòò wáyé ní oṣù kejì ọdún 1990, Kérékou díje ní ọdún 1991, ó fìdí rẹmi, ó sì lọ sílé. Ọdún 1996 ló tó padà wọlé, ìbò ló sì fi wọlé. Ebi tó pa Kúbà lẹ́yìn tí ìjọba Sófíẹ̀tì túká kò kéré sí ti Bẹ̀nẹ̀. Ohun tí a rò pé ó fa ìyàtọ̀ ni pé ológun ló gbé ti Bẹ̀nẹ̀ lé ìlú lórí látòkè; ti Kúbà ní gbòǹgbò ní òpópó kọ̀ọ̀kan, ó sì ní Amẹ́ríkà tó ṣeé tọ́ka sí nígbà gbogbo.

Nígbà tí ìwé ìbò kò bá ní alátakò, ìwọ̀n kan ṣoṣo ló kù láti mọ inú ará ìlú: iye àwọn tó jáde. Ní ọdún 1993, ó lé ní 99 nínú 100. Ní ọdún 2018, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 86. Ní oṣù keje ọdún 2021, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tú sójú títì ní ọ̀pọ̀ ìlú Kúbà nítorí oúnjẹ, iná mànàmáná àti òmìnira, wọ́n sì kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ sẹ́wọ̀n. Nínú ìdìbò ìbílẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn tó jáde kò pé 69 nínú 100. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, lẹ́yìn tí ààrẹ àti àwọn mínísítà ti ká ìgboro fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó gun òkè díẹ̀ sí nǹkan bíi 76. Àwọn ìdá 24 yòókù jókòó sílé wọn, kò sì sí àpótí tó gba ìbò tiwọn.